Àgbà Tí Ń Sáré Nínú Ẹ̀gún: Àtọ̀gbẹ, Ẹsẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ ní Ilẹ̀ Yewa

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n apá kìn-ín-ní rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú lò. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àgbà kì í sáré. Wọn kò fetí sí apá kejì, èyí tí ó sọ gbangba pé ìgbà kan ń bẹ tí eré sísá tọ́ sí àgbà, tí ẹni tí ó bá kọ̀ láti sá a yóò sì kábàámọ̀. Ejò kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àròkọ yìí, orúkọ rẹ̀ sì ni àtọ̀gbẹ. Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ bí àwọn oníṣègùn ṣe wá mọ̀, láti ayé àtijọ́ títí di àkókò tiwa, pé kí ènìyàn máa lo ara rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà pàtàkì sí àrùn náà, pàápàá bí ó bá ń lò ó kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, tí ó sinmi, tí ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ohun tí àwọn onímọ̀ lọ wá dé inú ilé àyẹ̀wò kì í ṣe àjèjì sí ara àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìpókíá dé Ìlaròó, títí dé Ayétòrò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀, egbò kékeré tí kò mọ̀ pé òun ní ní àtẹ́lẹsẹ̀ sì lè di èyí tí wọn yóò torí rẹ̀ gé ẹsẹ̀. Nínú àwọn ìlú wa tí ó wà létí ẹnubodè, mo ti rí ilé tí bàbá ti ń fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ kiri lórí ẹsẹ̀ kan, tí àwọn ará ilé ṣì ń wádìí ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é, ohun tí a mọ̀ tí a kò sì ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ tèmi. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, à-tọ̀-gbẹ ni: kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Orúkọ yìí kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan. Àkíyèsí ẹni tí ó wo aláìsàn dáadáa ni. Ó sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Aretaeus, oníṣègùn Gíríìkì ará Kapadókíà tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ṣe àpèjúwe àrùn yìí kan náà bí ẹni pé ẹran ara aláìsàn ni ó ń yọ́ di ìtọ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn òyìnbó mú di orúkọ àrùn náà túmọ̀ sí ohun tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ Gíríìkì kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ojú wọn rí.

Orúkọ kejì ni ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn ará Íńdíà ti ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láti ayé àtijọ́. Madhumeha ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ìtọ̀ oyin, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé èèrà a máa ṣù bo ìtọ̀ ẹni tí ó ní in. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Willis kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1674 pé ìtọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu. Ní 1776, Matthew Dobson, dókítà kan ní Liverpool, fi hàn pé ṣúgà gan-an ni ó wà nínú ìtọ̀ náà, àti pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pẹ̀lú dùn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ìtọ̀ kọ́ ni orísun àrùn náà. Ìtọ̀ kàn ń sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Orúkọ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n méjèèjì fi nǹkan pamọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ìtọ̀ ṣúgà rò pé ṣúgà inú tíì ni ó fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà yóò pa ṣúgà tì, yóò sì jókòó ti òkèlè ẹ̀bà tí ó tó orí ọmọdé, láì mọ̀ pé ṣúgà ni ẹ̀bà náà yóò dà nínú ikùn òun. Ẹni tí ó gbọ́ àtọ̀gbẹ rò pé àrùn àwọn tí ó rù ni, bẹ́ẹ̀ ni irú rẹ̀ kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn àgbàlagbà, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, tí àwọn ènìyàn ń kí pé ayé yẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí èyí tí ó dárúkọ ẹsẹ̀ nínú orúkọ méjèèjì. Ó sọ nípa ìtọ̀, ó sọ nípa adùn, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ìrìn àti iṣẹ́ ara ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ìtàn ohun tí orúkọ kò sọ yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1889, ní ìlú Strasbourg tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, àwọn onímọ̀ méjì, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering, yọ ẹ̀yà ara kan tí ó fara sin sẹ́yìn àpòlúkù, èyí tí òyìnbó ń pè ní pancreas, kúrò nínú ajá kan. Kò pẹ́ tí ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1889 yìí kan náà, ní oṣù kẹjọ, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ wa sí méjì, tí Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ìtakété àti Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Kò sí ohun tí ó so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnubodè yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, láàrin 1921 àti 1922, Frederick Banting, Charles Best, James Collip àti J. J. R. Macleod rí ohun tí pancreas ń mú jáde, èyí tí a ń pè ní ínsúlínì. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922. Ọmọ tí ikú ti fẹ́ mú lọ ni ó tún dìde. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí kò bá ní ínsúlínì, kí wọ́n fún un ní ínsúlínì. Ṣùgbọ́n ní 1936, Harold Himsworth, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé àwọn aláìsàn kan wà tí ínsúlínì tètè ń ṣiṣẹ́ lára wọn, àti pé àwọn mìíràn wà tí kò ràn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ara àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ohun tí ó rí yìí ni gbòǹgbò ohun tí a mọ̀ lónìí sí irú àtọ̀gbẹ kejì.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìpókíá tàbí Ìdí-Ìrókò kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ṣúgà ni ẹrù, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà, iṣan ara wa sì ni ìlú tí ẹrù ń lọ. Ní ẹnubodè ìlú náà, ínsúlínì ni ìwé àṣẹ. Nínú ara tí ó dá ṣáṣá, bí oníbodè bá ti rí ìwé, yóò ṣí ọ̀nà, àwọn alárùú yóò sì gbé ẹrù wọlé. Nínú irú àtọ̀gbẹ kejì, ìwé ń bẹ, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oníbodè kò kà á sí mọ́. Ẹrù wá ń kún ojú ọ̀nà. Pancreas ń tẹ ìwé sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ sí i, títí agara yóò fi dá a. Ìdajì ìtàn nìyẹn.

Ìdajì kejì ni pé iṣan tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá ń rìn kánkán, tàbí tí ó ń gun òkè, ebi a pa iṣan rẹ̀, iṣan náà a sì rán àwọn alárùú tirẹ̀ jáde láti lọ gbé ṣúgà wọlé láì wo ojú oníbodè, láì bèèrè ìwé. Àwọn onímọ̀ ti mọ alárùú náà. GLUT4 ni wọ́n sọ ọ́. Ínsúlínì lè pè é jáde, iṣẹ́ ara náà sì lè pè é jáde ní ọ̀nà tirẹ̀. Fàyàwọ́ ni èyí, àfi pé èyí nìkan ni fàyàwọ́ tí mo mọ̀ tí kò pa ìjọba lára, tí ó sì ń ṣe ìlú láǹfààní. Kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti ṣe tán, fún nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì, oníbodè tí kò kọbi ara sí ìwé tẹ́lẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. Ara tún ń gbọ́ ti ínsúlínì. Àmọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni mo wí. Bí ènìyàn bá jókòó lẹ́yìn náà, oníbodè yóò padà sí ìwà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń sọ pé kí aláìsàn má jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra kọjá láì lo ara.

Pé iṣẹ́ ara dára fún àrùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nínú ìwé ìṣègùn ayé àtijọ́ ní Íńdíà tí a so mọ́ orúkọ Sushruta, ìrìn gígùn àti iṣẹ́ agbára wà lára ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún àwọn tí ó ní ìtọ̀ oyin. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Apollinaire Bouchardat ní Parisi a máa ní kí àwọn aláìsàn rẹ̀ dín oúnjẹ kù kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi làágùn. Ní 1926, R. D. Lawrence, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tí ínsúlínì sì gbà là ní 1923, kọ ọ́ sínú ìwé pé ínsúlínì a máa ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ lára ẹni tí ó bá ti ṣe eré ìdárayá. Ó ti rí ọ̀nà ẹ̀yìn náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ alárùú.

Ibo ni ọ̀rọ̀ kíkankíkan àti ìsinmi ti wá? Pápá eré sísá ni ó ti wá. Ní àwọn ọdún 1930, ní ìlú Freiburg ní Jámánì, olùkọ́ni Woldemar Gerschler àti oníṣègùn ọkàn Hans Reindell ṣe ètò kan: kí sárésáré sá kánkán fún ọ̀nà kúkúrú, kí ó sinmi títí ìlù ọkàn rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀, kí ó tún sá. Rudolf Harbig tí Gerschler kọ́ sá 800 mítà ní Milan ní 1939 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6; ọdún 1955 ni ẹlòmíràn tó borí àmì náà. Emil Zátopek, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia, fi irú ìgbáradì bẹ́ẹ̀ gba góòlù mẹ́ta ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki ní 1952.

Ó pẹ́ kí ọgbọ́n yìí tó kúrò lọ́wọ́ àwọn sárésáré dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó àti aláìsàn, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà. Ní Matsumoto ní ilẹ̀ Japan, Hiroshi Nose àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Shinshu mú un rọrùn fún àwọn àgbàlagbà. Wọn kò ní kí wọ́n sáré. Wọ́n ní kí wọ́n rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2007 ni wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde: ẹsẹ̀ àwọn tí ó rìn bẹ́ẹ̀ lágbára sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀, ju ti àwọn tí ó rìn ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní 2011, ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, àwọn onímọ̀ tí Martin Gibala wà lára wọn kó ènìyàn 8 tí ó ní irú àtọ̀gbẹ kejì jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni wọ́n ṣe eré ìdárayá láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 1, wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 1, ó di ìgbà mẹ́wàá. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jákèjádò wákàtí 24. Ní 2013, ní Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, Kristian Karstoft àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀nà àwọn ará Japan wá sọ́dọ̀ ènìyàn 32 tí ó ní àrùn náà. Àwọn kan rìn ní kánkán àti jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 3 sí 3. Àwọn kan rìn ní ìwọ̀n kan. Àwọn kan kò yí ohunkóhun padà. Wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n ń rìn, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún oṣù 4. Agbára tí ẹgbẹ́ méjì tí ó rìn ná dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ kìn-ín-ní nìkan ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ní 2014, wọ́n fi hàn pé ara ẹgbẹ́ yìí ti ń gbọ́ ti ínsúlínì sí i. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Leicester kó àbájáde àyẹ̀wò 50 jọ, wọ́n sì rí i pé irú eré ìdárayá yìí borí ti ìwọ̀n kan ní ti pé kí ara gbọ́ ti ínsúlínì.

Ènìyàn 8 àti ènìyàn 32 kò pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìrìn jẹ́jẹ́ kò wúlò. Ní 2002, àbájáde àyẹ̀wò ńlá kan ní Amẹ́ríkà jáde, tí ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí kópa nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbà níyànjú láti lo ara wọn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí ìrìn tí ó já fáfá, kí wọ́n sì dín oúnjẹ àti ìsanra kù, dín ewu àrùn náà kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó lo oògùn metformin dín in kù ní ìdá 31. Ohun tí kánkán-àti-jẹ́jẹ́ fi lé e ni pé ó gba àkókò díẹ̀, ó sì tètè jí iṣan tí ó ti sùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ta ni kò mọ̀ pé ìrìn ni ó dá ilẹ̀ Yewa sílẹ̀? Kí mọ́tò tó dé, ẹsẹ̀ àti orí ni a fi ń ṣòwò láàrin Ìpókíá, Adó-Odò, Ìtakété àti Àjàṣẹ́. Ọjọ́ ọjà ọlọ́rọọrún ń pe obìnrin jáde ní kùtùkùtù pẹ̀lú ẹrù lórí, ó sì ń dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó láti 1889 sí 1945, ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kúrò ní ìhà Faransé wá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ ipá, owó orí àti ogun tí wọ́n ń fi tipátipá kó wọn lọ. Wọn kò kọ ìwé ẹ̀hónú sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n di ẹrù, wọ́n rìn.

Ǹjẹ́ a lè fi ojú rí ohun tí irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ara? Bí a bá gba Ayétòrò kọjá, a ó dé ilẹ̀ Ìbàràpá. Níbẹ̀, ní Ìgbó-Ọrà, ni àwọn onímọ̀ tí Richard Cooper àti Charles Rotimi wà lára wọn ti ṣe apá kan nínú àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n fi àwọn ará Nàìjíríà wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí erékùṣù Kàríbíà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ni ó ní irú àtọ̀gbẹ kejì; ní Kàríbíà, ó tó nǹkan bí 9; ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ju 10 lọ. Orísun ìran wọn jọra, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti ìṣe wọn kò jọra. Ní ọdún 1997 yẹn kan náà, ìròyìn ìjọba àpapọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkugbé jẹ́ olóòtú rẹ̀ sọ pé ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Ní 2018, nígbà tí àwọn dókítà kó àbájáde oríṣiríṣi àyẹ̀wò ní orílẹ̀-èdè yìí jọ, ó ti tó ìdá 5.8. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó rìnrìn àjò kọjá òkun ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwa tí a jókòó sílé.

Ọ̀kadà ti dé gbogbo àdúgbò. Ẹni tí ó ń rìn lọ sóko tẹ́lẹ̀ ń gun ún lọ, ẹni tí ó ń rìn lọ sí ìdí ọjà ń gun ún lọ, ọ̀nà tí kò tó ibùsọ̀ kan sì ti di ohun tí à ń sanwó fún. N kò bú ọ̀kadà. Ó ń gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn lóru. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí iṣẹ́ ẹsẹ̀ kúrò, oúnjẹ tí a ń jẹ nítorí iṣẹ́ náà kò kúrò. Ní 1984, Kerin O'Dea ní Australia tẹ ìròyìn kan jáde lórí ọmọ onílẹ̀ 10 tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n padà sínú igbó fún ọ̀sẹ̀ 7, tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń ṣọdẹ, tí wọ́n sì ń jẹ ohun tí àwọn baba wọn ń jẹ. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ gidigidi. A kò lè dá gbogbo rẹ̀ sí ẹsẹ̀ lọ́rùn, nítorí oúnjẹ wọn pẹ̀lú yí padà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ara kì í gbàgbé ilé.

Nínú àṣà tiwa, kì í ṣe ìrìn nìkan ni a ní. Kánkán-àti-ìsinmi pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀pẹ: ó fi igbà gun ọ̀pẹ, ó bẹ́ ìdì ẹyìn, ó sọ̀kalẹ̀, ó rọra rìn dé ìdí ọ̀pẹ mìíràn, ó tún gùn. Ẹ wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń gún nǹkan nínú odó, tí ẹnì kan ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àwọn ará Kétu, Yewa àti Ànàgó fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ohun àjogúnbá ńlá aráyé ní 2001. Agbérí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í jó wọ́ọ́rọ́wọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ìlù á pè é, yóò bẹ́ sí agbo pẹ̀lú ìpele aṣọ lára àti irin tí ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀, yóò bá ìlù dọ́gba ní ẹsẹ̀ kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, yóò sì dáwọ́ dúró, yóò rìn yíká, yóò mí, kí ìlù tó tún pè é. N kò sọ pé àwọn baba wa dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ láti wo àtọ̀gbẹ. Irọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó bá ní ètò ìlera yìí jẹ́ ti òyìnbó kò tíì wo agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa.

Kí ni ó wá ń dí wa lọ́wọ́? Lójú tèmi, ìdènà tí ó tóbi jù ni ọ̀wọ̀. Nínú àṣà wa, àgbà kì í gbé ẹrù níbi tí ọmọdé wà. Ọmọ tí ó bá rí baba rẹ̀ tí ó ń fa omi, tí kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ẹ̀kọ́. Bí dókítà bá wá sọ pé ṣúgà bàbá ti ga, ọ̀wọ̀ yìí a di ìlọ́po méjì: "Bàbá, ẹ má dìde." "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín gbé e wá." "Ọ̀kadà yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà." Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi di ẹni tí ó jókòó sójú kan. Àwọn àgbà fúnra wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹni ọdún 60 tí ó bá ń rìn kánkán lójú títì a máa gbọ́ ìbéèrè: "Bàbá, ṣé kò sí?" Ìtìjú yìí ni ó ń lé wọn padà sórí àga. Àṣà tí ó sọ ìjókòó di oyè kò ṣe ìpalára nígbà tí àgbà ti fi 50 ọdún rìn kí ó tó jókòó. Lónìí, láti ọ̀dọ́ ni a ti ń jókòó, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tún ọ̀wọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Kí á tó dìde, ìkìlọ̀ díẹ̀ yẹ. Ẹni tí ó ti ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kíkankíkan lè pa ọkàn tí kò lágbára lára, ó sì lè ba ojú tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ jẹ́ sí i. Kò gbọdọ̀ pa oògùn tì nítorí pé ó ń rìn. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ó ń lo oògùn tí ń fa ṣúgà wálẹ̀ gan-an, kí ó rántí ohun tí Lawrence rí ní 1926: ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí ojú rẹ̀ máa ṣú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti mú ṣúgà díẹ̀ sápò, ohun tí ó sá fún nínú ilé. Kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ó bá dé.

Bí dókítà bá ti fún un láyè, kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ojú ọ̀nà Ìpókíá tó o. Kí ó rọra rìn títí ara yóò fi gbóná. Lẹ́yìn náà, kí ó rìn kánkán láti òpó iná kan dé òmíràn, tàbí fún ìṣẹ́jú 3 bí ó bá ní aago, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè fi ìrọ̀rùn sọ̀rọ̀ gígùn. Kí ó wá rìn jẹ́jẹ́ títí èémí rẹ̀ yóò fi padà. Kí ó tún kánjú. Kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ó máa fi kún un bí ara bá ti ń gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni ó ń lé, kí ó dáhùn pé òun kọ́ ni òun ń lé nǹkan.

Ní ti àwọn ọmọ, ọ̀wọ̀ kò tíì parí nílé wa, ọ̀nà tí a ń gbà fi í hàn ni ó yẹ kí ó yí. Ọmọ tí ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ baba rẹ̀ ti ṣe dáadáa. Èyí tí ó fi agbọ̀n kékeré sílẹ̀ fún un, tí ó gbé èyí tí ó tóbi, tí ó sì bá a kánjú rìn dé ọjà, ni ó fi ẹ̀mí baba rẹ̀ sọ́kàn jù.